Pọ́ǹpù Ọ́ìlì Ọkọ̀ Ìjàpá Màmá Tíṣà

Ìkàrẹ́ Àkókó,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsùbá.

Rafíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tèmi,

Ẹrù rẹ dé ọwọ́ mi lánàá. Díráfà tó gbé e wá láti Ọ̀kà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ní bó bá fi lè bọ́ lulẹ̀, kí n má padà sí Ọ̀kà mọ́ o." Mo rò pé ẹyin lo fi ránṣẹ́ ni. Ìyá rẹ pàápàá ti gbé abọ́ dání tí yóò kó o sí. Mo tú ọ̀rá, mo tú àkísà, mo tún tú àkísà mìíràn, àfi pọ́ǹpù ọ́ìlì! A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn, torí ẹni tó ń di pọ́ǹpù bí ẹní di ẹyin ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni mo ka ìwé pélébé tí o kì sínú rẹ̀. O ní, "Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Pọ́ǹpù ọkọ̀ Màmá Tíṣà nìyí. Èyí tuntun tí wọ́n ń tà lọ́jà kò dá mi lójú. Ṣé kí n lo ti àtijọ́ yìí padà? Nǹkan kejì, iná ọ́ìlì iwájú díráfà kò tàn rárá, gílóòbù rẹ̀ sì dáa. Kí ló lè fà á?"

Ìbéèrè méjì péré. Èkíní, mo lè fi ìlà mẹ́ta dáhùn rẹ̀. Èkejì ni kò jẹ́ kí oúnjẹ àná wọ̀ mí lọ́fun. Jẹ́ kí n yára sọ ọ́ kí àyà mi má baà tún já: èmi ni mo gé wáyà iná yẹn. Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́. Tíṣà kú láìmọ̀, Màmá Tíṣà, ìyàwó wọn, kò sì mọ̀ títí di òwúrọ̀ yìí. Oṣù kan kò tíì pé tí o ṣí ìsọ̀ tìrẹ ní Ọ̀kà, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó sì wọlé tọ̀ ọ́ wá, ẹ̀bi bàbá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé opó Tíṣà fẹ́ kí o jí ọkọ̀ ọkọ wọn dìde, pé wọ́n fẹ́ gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé, ó yẹ kí n ti lanu nígbà náà. Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é," mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá rẹ ojo nìyẹn.

Wá fìdí kalẹ̀ kí o ka ìyókù. Má kà á lójú àwọn oníbàárà.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ẹ̀bi, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mo rí lánàá. Mo gbé pọ́ǹpù náà sórí tábìlì ìyá rẹ, mo tú u. Kò tóbi ju àkàrà méjì tí a tò léra lọ. Jíà kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, eyín ọ̀kan wọ inú eyín èkejì, wọ́n sùn sínú ihò wọn bí ìbejì nínú ikùn. Ọ́ìlì ara wọn ti dúdú, ó ti ki bí oyin ìsàlẹ̀ ìgò. Mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo kán ọ́ìlì mímọ́ sí i, mo fi ìka yí i. Rafíátù, ó yí! Ó fa ọ́ìlì ní apá kan, ó pọ̀ ọ́ jáde ní apá kejì. O kò tíì wọ ilé ayé nígbà tí ọkọ̀ yẹn ti dúró sẹ́yìn ilé ní Ọ̀kà. Òjò rọ̀, ọyẹ́ fẹ́, ewúrẹ́ bímọ sábẹ́ rẹ̀, jíà méjì yìí kò sì gbàgbé iṣẹ́ tí a rán wọn. Sùbúhánàllàhí! Mo ké e tóbẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ fi sáré wọlé.

Ó ní, "Bàbá Rafíátù, kí lẹ tún ń wò bí ẹni gbé ọmọ tuntun?"

Mo ní, "Wá wo ohun tó ń gbé ọkọ̀ gun òkè Ọ̀kà."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kékeré yìí?"

"Kékeré yìí."

Ó ní, "Háà. Ọlọ́run tóbi." Ó sì dúró, kò padà sí ìdí iná kíákíá mọ́.

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ nítorí ó máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọkọ̀ ìjàpá kò ní omi. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì nìkan ló ń tù ú lára. Gbogbo irin tó ń sáré nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, orí ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ ni wọ́n ń sáré lé. Irin kò gbọdọ̀ fara kan irin. Ta ló ń gbé ọ́ìlì náà dé gbogbo kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó? Jíà méjì tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí títí ìka mi fi wọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì sú mi. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, ọmọ mi: ọjọ́ tí pọ́ǹpù kò bá yà ọ́ lẹ́nu mọ́, sinmi lọ́jọ́ náà, má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹnikẹ́ni. Èmi kò bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, ohun tó sì kó bá mi nìyẹn.

Nígbà náà, àwa àti Èkìtì ṣì jọ wà nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi níhìn-ín ní Ìkàrẹ́ ni. Wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n ti kó sípánà tèmi fún mi, a ti ya fọ́tò, mo sì ti wọ bàtà tuntun tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀. Ìrìn mi yí padà. Ẹni tó bá rí mi á rò pé èmi ni mo kọ́ òyìnbó ní ọkọ̀ ṣíṣe.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà wa ọkọ̀ wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Ọ̀kà. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, ènìyàn jẹ́jẹ́, wọ́n máa ń kí ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n tó kí ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì wọn ń ru èéfín. Ọ̀gá mi ní, "Súlè, ìwọ ni kí o ṣe é. O ti tó ẹni tó lè dá a ṣe." Mo tú u palẹ̀. Mo pààrọ̀ rìngì, mo pààrọ̀ bíárìn, gbogbo rẹ̀ lọ déédéé. Ó wá ku pọ́ǹpù ọ́ìlì.

Ohun tí mo ṣe fún pọ́ǹpù nìyí. Mo rì í sínú ike ọ́ìlì, mo fi ọwọ́ yí i, ó pọ ọ́ìlì jáde, mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́." Ó tán. Bí gbogbo wa ti máa ń dán an wò nìyẹn, bóyá ìwọ náà ti ṣe é kí o tó fi ránṣẹ́. Má parọ́ fún mi, mo mọ̀ pé o ti ṣe é. Èmi náà tún ṣe é lánàá nítorí pé ó wù mí, àmọ́ ìdùnnú lásán nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ó wá ku gásíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tó máa ń wà láàrin ọmọrí pọ́ǹpù àti ara rẹ̀. O mọ bí a ti ń gé e níhìn-ín. A ó tẹ́ páálí sójú irin, a ó máa fi òòlù kékeré gbá etí rẹ̀ pẹ́pẹ́pẹ́, etí irin fúnra rẹ̀ ni yóò gé e. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gé jù mí lọ nínú ìsọ̀ wa. Páálí wo ni mo wá lò? Páálí bàtà fúrídọ́ọ̀mù mi! Ó nípọn, ó le, ó sì wù mí pé kí nǹkan tèmi wà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé, "Èyí kò ní jò láéláé." Òótọ́ ni mo sọ o, kò jò.

Ṣé o ti rí ohun tí mo ṣe? Páálí yẹn gbé ọmọrí kúrò lórí jíà. Àyè ṣí láàrin wọn, àyè tí ojú lásán kò lè rí, ọ́ìlì tó yẹ kí jíà tì lọ síwájú sì ń gba ibẹ̀ yọ́ padà sẹ́yìn. Nígbà tí ọ́ìlì tutù tó sì ki, o kò lè mọ̀. Ó dàbí ẹ̀kọ tútù lórí ewé, kò lọ ibì kan. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ̀kọ di gbígbóná, ó ń ṣàn gba gbogbo ojú àyè tó bá rí. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi lè parọ́ fún ọ nínú ike ọ́ìlì.

Mo gbé ẹ́ńjìnnì padà sínú ọkọ̀, ó dáhùn lẹ́sẹ̀kan náà. Gbogbo ìsọ̀ pàtẹ́wọ́. A wà á yípo Ìkàrẹ́, a padà dé, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tíṣà wá nawọ́ sí iná pupa kékeré iwájú wọn, wọ́n ní, "Súlè, iná yìí mà ń ṣẹ́jú sí mi."

Rafíátù, mo mọ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, inú mi ti mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́. Iná yẹn máa ń tàn bí ọ́ìlì kò bá lágbára ni. Ohun tó yẹ kò ju kí n tú nọ́ọ̀tì ọmọrí kí n tún pọ́ǹpù wò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró yí mi ká, wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́, ọ̀gá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ojú sì ń tì mí láti sọ pé, "Ẹ dúró, mo ṣe àṣìṣe." Mo ní, "Wáyà lásán ni, sà." Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo gé wáyà tó wá láti ara ẹ́ńjìnnì, mo fi téèpù dì í, mo kì í sáàrin àwọn yòókù. Iná kú. Tíṣà ní, "Ọwọ́ rẹ dáa o, ọmọ mi. Wàá ṣe oríire." Wọ́n sì gbàdúrà fún mi! Mo ṣe àmín.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ ọjà kan, Tíṣà àti ìyàwó wọn ń padà bọ̀ láti Ìkàrẹ́, wọ́n ti kọjá Àkùngbá, wọ́n ti ń gun òkè Ọ̀kà, ọkọ̀ kún fún ẹrù, oòrùn mú. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà, ó sì dúró lójijì. Wọ́n rán ọlọ́kadà sí mi. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá yẹn jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi ìbòrí fẹ́ atẹ́gùn sára. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó jó mi. Mo fi sípánà gbìyànjú láti yí i, kò yí. Ó ti lẹ̀ pọ̀ nínú.

Mo ń dúró dè kí Tíṣà gbá mi létí. Ìbá tù mí lára. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní, "Súlè, má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ìyàwó mi ń pa mí lẹ́rìn-ín, n kò wo iná. Ó ní láti jẹ́ pé ó ti ń tàn látìgbà yìí, èmi kò rí i. Gbogbo wàhálà tí o ṣe, mo fi ṣòfò."

Ìyá náà sì dá a lóhùn láti orí òkúta, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣebí mo ti ń sọ fún yín pé ẹ máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí bàbá rẹ sọ? Mo ní, "Ẹ máa ṣọ́ra, sà."

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Tíṣà kò ní agbára àti tún ẹ́ńjìnnì ṣe mọ́. Wọ́n ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn ilé, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbàkigbà tí a bá pàdé, wọn á tún ní, "Mekáníìkì mi! Èmi tí mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́." Wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kú, mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Màmá Tíṣà rí mi, wọ́n dì mọ́ mi. Ìfẹ́ yẹn ni wọ́n fi gbé ọkọ̀ wá bá ọ, tí wọ́n ní, "Ọmọ Súlè ni mo fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló mọ ọkọ̀ yìí." Òwe tí àwọn àgbà ń pa wá ṣẹ sí mi lára: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lánàá ló bá a. Nígbà tí mo yí ọmọrí pọ́ǹpù rẹ padà, páálí bàtà mi ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sára páálí ṣì hàn kedere, ọ́ìlì kò pa á rẹ́. Ọlọ́run tó pa lẹ́tà méjì mọ́ nínú ọ́ìlì fún gbogbo ọdún yìí, ta ni mo rò pé mò ń fi pamọ́ fún? Ẹ̀rù Rẹ̀ bà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo pe ìyá rẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òun náà kò gbọ́ ọ rí. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ò wá ní lọ sọ fún wọn?" Ó ní, "Kí ẹ tó sọ fún ọmọ pé kó lo pọ́ǹpù." Mo ní màá lọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà yí i padà.

Ó dáa. Jẹ́ kí a padà sídìí iṣẹ́, nítorí ìwọ ni o máa gbé ẹ́ńjìnnì yìí dìde, bó bá sì tún kú lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ rẹ ni wọn yóò máa pè ní Ọ̀kà, kì í ṣe tèmi.

Èkíní. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ ni pé o lè lò ó, bí gééjì tí a fi ń wọn àyè bá gbà fún ọ. Kì í ṣe bí ó bá wù ọ́, kì í ṣe bí Bàbá bá ní ó dáa. Mo ti wo eyín jíà, kò sí èyí tó kán. Ahọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí i kò tíì jẹ róbótó. Fi èékánná wọ́ inú ihò tí jíà ń gbé: ìlà wà níbẹ̀, ti irin tó fọ́ lọ́jọ́ òkè Ọ̀kà, ṣùgbọ́n kò kọ́ èékánná mi. Bó bá kọ́ tìrẹ, gbé e sọ nù. Èékánná obìnrin gùn ju tèmi lọ, ó lè mọ ohun tí tèmi kò mọ̀.

Èkejì, wo ojú ọmọrí. Jíà ti gbẹ́ òrùka méjì sí i. Mo lè lọ̀ ọ́ títí yóò fi tẹ́ fún ọ, ṣùgbọ́n n kò ṣe é, iṣẹ́ tìrẹ ni. Wá díńgí tó nípọn, tẹ́ sáńpépà tó kúnná jù sórí rẹ̀, kán ọ́ìlì sí i, kí o máa yí ọmọrí lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí òrùka méjèèjì yóò fi pòórá. Má fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá tẹ́ gbalaja, wàá mọ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ díńgí bí ẹni tí kò fẹ́ lọ sílé.

Lẹ́yìn náà, fi irin títọ́ gbọọrọ dábùú ẹnu pọ́ǹpù, kí o ki gééjì eléwé sáàrin irin àti jíà. Bí ewé irin rẹ̀ tó nípọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà bá wọlé fàlàlà, kò sí àdúrà tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Èmi ti wọ̀n ọ́n. N kò ní sọ iye tí mo rí fún ọ. Wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fi wé ara wọn. Bó o bá sì wá ra tuntun, tuntun náà ni kí o wọ̀n. Ọ̀pọ̀ tuntun wà tó burú ju òkú lọ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé o tún fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí gásíkẹ́ẹ̀tì? Ra ìwé fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹpù. Páálí bàtà, páálí ọṣẹ, kàlẹ́ńdà ìsìnkú, n kò fẹ́ rí wọn nínú ìsọ̀ rẹ.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Má gbàgbé sípíríǹgì àti irin kékeré tó ń dín agbára ọ́ìlì kù, abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló wà, o kò fi í ránṣẹ́. Tí o bá tú u, irin náà gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ yọ̀ bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Bó bá há, fọ̀ ọ́ títí yóò fi yọ̀. Fọ asẹ́ tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì pẹ̀lú, ìdọ̀tí òkè Ọ̀kà ṣì wà nínú rẹ̀, mo fi orí mi búra. Kí o tó pa ọmọrí dé, fi fasilíìnì kún àárín jíà, nítorí pọ́ǹpù gbígbẹ kò mọ bí a ti ń fa ọ́ìlì àkọ́kọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró lé ọ lórí tó ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí iná ń ṣẹ́jú sí ọ, pa ẹ́ńjìnnì. Ní, "Ẹ dúró, mo ṣe àṣìṣe." Gbólóhùn kékeré yẹn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá. Sọ ọ́ lójú ọ̀gá, sọ ọ́ lójú oníbàárà, sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ tí o bá lọ́kọ. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá ìrọ̀lẹ́.

Wá gbọ́ ìparí rẹ̀. Má sọ fún Màmá Tíṣà. Ẹnu tó bu irọ́ ni yóò pọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, èmi àti ìyá rẹ ń bọ̀ ní Ọ̀kà. Ilé wọn ni a ó kọ́kọ́ yà kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá lé mi, mo gbà. Bí wọ́n bá ní ọmọ Súlè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ àwọn mọ́, kó irinṣẹ́ rẹ kúrò nínú rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ fún wọn bí ọkùnrin, má jiyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn yóò dùn mí nítorí rẹ, ó sì ti ń dùn mí báyìí.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà, ṣe báyìí fún mi. Wáyà tí mo gé wà láàrin èyí tó dì pọ̀ lápá òsì ẹ́ńjìnnì, téèpù dúdú ló wà lórí rẹ̀. So ó padà fúnra rẹ. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì má lè dáhùn, kí ó kàn máa yí lásán kí pọ́ǹpù rí àyè fa ọ́ìlì. Má jókòó sí ìdí kọ́kọ́rọ́, má sì jẹ́ kí èmi jókòó síbẹ̀. Bẹ Màmá Tíṣà kí wọ́n jókòó sí àyè ọkọ wọn, kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn. Iná pupa yóò tàn. Sọ fún wọn kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n má gbé ojú kúrò lára iná náà títí yóò fi kú. Jẹ́ kí wọ́n rí bó ṣe pupa tó, bó ṣe hàn tó lójú ọ̀sán gangan.

Kí o wá sọ fún wọn pé, bí ó bá jẹ́ pé iná yẹn tàn lọ́jọ́ òkè Ọ̀kà, ọkọ wọn ìbá rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Súlè.